Igbá àti Ìgbà: Ohun tí Eré Kọ̀ǹpútà Kan Kọ́ Mi ní Ifẹ̀wàrà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu, nítorí pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, èmi kì í sì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mí. Ohùn àti gírámà Yorùbá ni mo fi ń jẹun ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n nínú ìsinmi tí mo lò kẹ́yìn nílé wa ní Ifẹ̀wàrà, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti ọ̀rọ̀ ohùn pàdé lórí tábìlì kan ṣoṣo, àṣìṣe tí ó sì ti ibẹ̀ jáde, èmi gan-an ni mo ni ín. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín, lẹ́yìn náà kí n sọ ohun tí mo rò pé ó yẹ kí a ṣe.

Fún ẹni tí kò bá mọ Ifẹ̀wàrà, ìlú kan ni ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Àtàkúnmọ̀sà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí wa, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà Iléṣà náà kò ṣàjèjì sí ẹsẹ̀ wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà nílé nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ó ń ka ìwé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fún wọn ní ilé-ìwé. Mo bi í léèrè ohun tí ó ń kà, ó ní variable ni. Mo ní kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ka gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan jáde geere bí ẹni ń ka àkọ́sórí, kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Mo wá ní kí ó fi Yorùbá sọ ohun kan náà fún mi. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní:

"Bọ̀dá, ìyẹn ò ní Yorùbá."

Gbólóhùn yẹn dùn mí wọ egungun. Ọmọ náà kò sọ pé òun kò mọ Yorùbá rẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé kò ní Yorùbá rárá, bí ẹni pé èdè tí ó fi ń ronú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ní ògiri kan tí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò lè gbà kọjá. Mo sì tún bi í bóyá ó yé e. Ó ní kò yé òun, ṣùgbọ́n òun gba máàkì rẹ̀ nínú ìdánwò.

Mo ní ó dára, a ó jọ ṣe eré kan. Mo ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, mo sì mọ ìwọ̀nba èdè ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Python, nítorí pé a máa ń lò ó láti ka iye ọ̀rọ̀ nínú àkójọ èdè. Àwọn ọmọ àdúgbò méjì kún wa, wọ́n di mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tí bátìrì bá ti kún ni a máa ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màámi a sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wa, wọn a máa bó ẹ̀gúsí.

Eré tí a yàn kò le. Gbogbo ọmọ tí ó ti rí ọmọ ayò rí ni ó ti ṣe é. Kọ̀ǹpútà yóò di ọmọ ayò mọ́wọ́, láti orí ẹyọ kan títí dé mẹ́fà. Ẹni tí ń ṣeré yóò sọ iye tí ó rò pé ó wà níbẹ̀. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, gbogbo ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà di tirẹ̀, a ó sì dà wọ́n sínú igbá rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kò rí nǹkan kan mú. Ìgbà mẹ́wàá ni a ó ṣe é, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà yóò sọ iye ọmọ tí ó wà nínú igbá.

Kọ̀ǹpútà kò ní àtẹ́lẹwọ́, kò sì ní igbá. Bí yóò bá rántí ohunkóhun, àfi kí a fún ohun náà ní orúkọ, kí a sì sọ iye tí ó wà lábẹ́ orúkọ náà fún un. Nínú eré yìí, ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ rántí: iye ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, iye tí ó ti wọ inú igbá, àti ìgbà tí a ti ṣe é. Ohun mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi Yorùbá sọ wọ́n lórúkọ, kí Yorùbá lè wọ inú ọ̀rọ̀ yìí.

Ibí yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Mo fi kún un pé kí wọ́n má ṣe fi àmì sí i. Mo ní kọ̀ǹpútà kò fẹ́ àmì. Èmi tí mo ń yọ máàkì kúrò nínú ìwé ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ bí wọn kò bá fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, èmi kan náà ni mo ń kọ́ ọmọdé pé kí wọ́n bọ́ aṣọ lára ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mú un wọlé kọ̀ǹpútà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ ìbẹ̀rẹ̀ ètò náà báyìí:

owo = 0
igba = 0
igba = 0

Ẹ tún un wò. Ìlà kejì àti ìkẹta kò yàtọ̀ síra. Mo wò ó, n kò rí nǹkan kan. Òun náà wò ó, kò rí nǹkan kan. Ó parí ètò náà lọ́jọ́ kejì, kọ̀ǹpútà kò sì ṣàròyé kankan. Eré bẹ̀rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe é kò mọ ọ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà dì mọ́wọ́. Nígbà tí eré parí, kọ̀ǹpútà kí i kú oríire, ó ní ọmọ ayò 10 ni ó wà nínú igbá rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Ẹnì kejì mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Mẹ́fà ni ó kọ́kọ́ jẹ, ó tún jẹ márùn-ún. Kọ̀ǹpútà sì ti eré pa mọ́ ọn lójú nígbà tí a kò tíì ṣe ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ó ní ọmọ 13 ni ó ní, bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá péré ni ó jẹ. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ojúsàájú ni.

A fi nǹkan bí wákàtí kan wá àṣìṣe náà tì. Mo wá ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ka ètò náà sókè fún mi ní Yorùbá, ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: níwọ̀n ìgbà tí *ìgbà* bá kéré sí mẹ́wàá, di ọmọ mọ́wọ́, bí ìdáhùn bá jẹ́ òótọ́, fi ọmọ náà kún *igbá*, fi ẹyọ kan kún *ìgbà*. Màámi gbé orí sókè lórí ẹ̀gúsí wọn. Wọ́n ní, "Igbá wo, ìgbà wo? Ẹ fi hàn mí." A fi ojú kọ̀ǹpútà hàn wọ́n. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ọ̀kan náà ni ẹ kọ."

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan náà ni a kọ. Lẹ́nu ọmọ náà, ọ̀rọ̀ méjì ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kan ni. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣe eré lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà ń fi ẹyọ kan kún igbá. Gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá sì jẹ ọmọ, kọ̀ǹpútà ń fò ìgbà kọjá. Ẹni tí kò jẹ nǹkan kan fi ìgbà mẹ́wàá ra ọmọ mẹ́wàá. Ẹni tí ó jẹ ọmọ mọ́kànlá fi ọmọ náà jẹ ìgbà tirẹ̀ tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ìmọ̀ fonọ́lọ́jì mọ àpẹẹrẹ yìí dáadáa. Òun ni a máa ń kọ sójú pátákó ní ọ̀sẹ̀ kìíní: *igba* ni ogún mẹ́wàá, *igbá* ni a fi ń bu omi, *ìgbà* ni àkókò, *igbà* sì ni okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ọdún mélòó ni mo ti fi ń kọ ọ́ sójú pátákó? Síbẹ̀, nígbà tí ó wá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gidi, tí ọmọ ènìyàn ń ṣòfò ọmọ ayò lórí rẹ̀, mo gbàgbé. Ènìyàn tí ń ka Yorùbá tí kò ní àmì máa ń fi ọgbọ́n orí dí àlàfo. Ó ń wo ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé. Kọ̀ǹpútà kì í dí àlàfo fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a bá kọ ni ó rí.

Kí ló dé tí mo fi sọ pé kọ̀ǹpútà kò fẹ́ àmì? Nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí nígbà tí mo kọ́ ọ. Python 2 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kò gbà kí orúkọ ní ju lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán, nọ́ńbà àti ìlà abẹ́ ọ̀rọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá ọdún 2008 ni Python 3 jáde, láti ìgbà náà ni ó sì ti gba lẹ́tà gbogbo èdè nínú orúkọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 ni àwọn tí ń tọ́jú Python 2 ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún un. Ògiri náà ti wó tipẹ́, èmi ni mo ṣì ń gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá. Mo sì rò pé kì í ṣe èmi nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi ẹ̀rọ ọjọ́sí ṣe àwáwí fún ìwà ọ̀lẹ òde òní.

A tún un kọ:

ọwọ́ = 0
igbá = 0
ìgbà = 0

A tẹ̀ ẹ́, ó ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò jẹ nǹkan kan rí òdo gbà, ẹni tí ó jẹ mọ́kànlá sì rí mọ́kànlá rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tí a yí padà ju pé a fi àmì sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan níbi tí ó yẹ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bi mí bóyá a kò lè lo ẹnu Ìjẹ̀ṣà, kí a kọ *ugbá* dípò *igbá*. Mo ní a lè lò ó. Orúkọ tí a bá fún un ni kọ̀ǹpútà yóò máa fi pè é. Èyí ni Ferdinand de Saussure ń sọ nípa àmì èdè nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1916, pé kò sí okùn kan tí ó so ìró ọ̀rọ̀ mọ́ ohun tí ó dúró fún, àfi àdéhùn àwọn tí ń sọ ọ́. N kò dárúkọ Saussure fún àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ ohun tí ó sọ. Mo kàn kìlọ̀ fún wọn pé bí wọ́n bá fi ẹnu Ìjẹ̀ṣà kọ méjèèjì láìfi àmì sí i, *ugba* àti *ugba* náà ni yóò jẹ́.

Ìṣòro kejì dé ní ọjọ́ kẹta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nàka sí ìlà kan:

ìgbà = ìgbà + 1

Ó ní, "Bọ̀dá, irọ́ ni èyí. Nínú ìṣirò, ìgbà kò lè jẹ́ ìgbà àti ẹyọ kan." Òótọ́ ni ó sọ. Ohun tí ìwé rẹ̀ ní kí ó mọ̀ ni pé variable jẹ́ àpótí tí a ń kó nǹkan sí. Ṣùgbọ́n àpótí kò dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Àpótí tún ń ṣini lọ́nà ní ọ̀nà mìíràn: bí mo bá mú ohun tí ó wà nínú àpótí kan sínú òmíràn, àpótí àkọ́kọ́ ti ṣófo. Nínú kọ̀ǹpútà, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ní kí orúkọ kejì gba iye tí orúkọ kìíní ní, méjèèjì ni yóò ní in.

Mo ronú lórí rẹ̀ lóru ọjọ́ náà, mo sì rí i pé ohun tí mo ń wá ti wà nínú èdè wa tipẹ́. Mo bi àwọn ọmọ lówùúrọ̀ pé: ta ni Ọwá Obòkun? Wọ́n dárúkọ Ọba Clement Adéṣuyì Haastrup. Mo ní ta ni Ọwá Obòkun ní ọdún 2000? Wọn kò mọ̀, ṣùgbọ́n Màámi mọ̀: Ọba Gabriel Adékúnlé Arómọláràn ni, tí wọ́n gorí ìtẹ́ ní 1982, tí wọ́n sì wàjà ní 2024. Mo ní, "Ṣé Ọwá yí padà?" Ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀ ni, èkejì ní rárá, ìkẹta ní ẹni tí ó wà lórí oyè ni ó yí padà, oyè kò yí padà.

Ìkẹta ni ó jẹ ẹ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní variable, oyè ni. *Ìgbà* jẹ́ oyè, òdo ni a kọ́kọ́ fi jẹ ẹ́, lẹ́yìn náà ení, lẹ́yìn náà èjì. Ọba méjì kì í jẹ oyè kan lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí iye tuntun bá dé, ti àtijọ́ ti wàjà. Ẹnìkan lè jẹ oyè méjì, èyí kò sì mú kí oyè kìíní ṣófo. Bẹ́ẹ̀ ni iye kan lè wà lábẹ́ orúkọ méjì. Bí a bá sì pe oyè tí a kò tíì fi ohunkóhun jẹ, Python yóò dáhùn pé òun kò mọ orúkọ náà, yóò sì dúró síbẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe wa ṣe. Yorùbá ní *jẹ* ó sì ní *jẹ́*. Ní ti oyè, a ń sọ pé wọ́n fi lágbájá *jẹ* ọba. Ní ti ohun tí nǹkan jẹ́, a ń sọ pé lágbájá *jẹ́* ọba. Àkọ́kọ́ sọ pé a mú ohun kan ṣẹlẹ̀. Èkejì sọ ohun tí ó wà bẹ́ẹ̀. Èyí gan-an ni ìyàtọ̀ tí ń da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàmú káàkiri ayé, nítorí pé nínú Python, àmì = kan ṣoṣo túmọ̀ sí *fi jẹ*, nígbà tí àmì == méjì túmọ̀ sí *ṣé ó jẹ́*. Ìlà tí ọmọ náà pè ní irọ́ kì í sọ pé ìgbà jẹ́ ìgbà àti ẹyọ kan. Ó ń pàṣẹ pé: wo ẹni tí ó wà lórí oyè ìgbà, fi ẹyọ kan kún un, kí o sì fi ohun tí ó bá jáde jẹ ìgbà. Ohùn kan lórí fáwẹ̀lì kan ni ó ya àṣẹ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ìbéèrè.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ èyí, ó ní, "Ṣé nǹkan tí wọ́n ń sọ láti ìgbà yẹn nìyí?" Ó wá tún eré náà kọ fúnra rẹ̀, ó fi oyè kẹrin kún un, ó pè é ní *àṣìsọ*, kí ó lè máa ka iye ìgbà tí ènìyàn kò mọ̀ ọ́n. N kò bá a fọwọ́ kan bọ́tìnnì kan.

Èrò mi nìyí, ẹ̀yin ènìyàn mi. A ti ń jiyàn fún ìgbà pípẹ́ bóyá Yorùbá lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìdáhùn wà nítòsí wa níbí. Ní ọdún 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn. Wọ́n ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ. Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti fagi lé ìlànà èdè ti ọdún 2022 tí ó fi àyè gba èdè abínibí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìdí tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́ sọ ni pé àwọn ọmọ ibi tí a ti lo èdè abínibí jù ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò fìdí rẹmi nínú ìdánwò tirẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì gba máàkì lórí ohun tí kò yé e. Èwo ni ó burú jù nínú méjèèjì?

Àwọn kan yóò sọ pé gbogbo ayé ni ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ètò kọ̀ǹpútà, àti pé bí ọmọ náà bá fẹ́ bá àwọn ará Jámánì tàbí Íńdíà ṣiṣẹ́ lọ́la, *igbá* kò ní ràn án lọ́wọ́. N kò jiyàn èyí. Bí ó bá dàgbà tí ó ń bá àjèjì ṣiṣẹ́, kí ó fi èdè tí wọ́n jọ gbọ́ sọ oyè rẹ̀ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Python fúnra rẹ̀ yà sọ́tọ̀ kò ju nǹkan bí 35 lọ. Ọmọ lè kọ́ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo orúkọ tí ó kù, ọwọ́ ẹni tí ń kọ ètò ni ó wà. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí ọmọ Ifẹ̀wàrà ń wò, Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti lọ jìnnà ju èyí lọ: Karounwi Anuoluwapo ṣe Yorlang, èdè ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Kì í ṣe dandan kí gbogbo wa lò ó, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ògiri tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí kì í ṣe ògiri.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé àmì ohùn ṣòro láti tẹ̀. Ó ṣòro nígbà kan. Lónìí, Windows ní àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá, fóònù náà ní in nínú Gboard, àwọn ará YorubaName sì ti pín tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. *Ọ̀* kò ní ààyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode. *Ọ* ni a kọ́kọ́ tẹ̀, a fi àmì lé e, nítorí náà bí ẹ bá ní kí Python ka iye rẹ̀, méjì ni yóò sọ. Bákan náà, àtẹ bọ́tìnnì méjì lè to àwọn àmì náà ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ti orúkọ oyè, Python ń tò wọ́n dọ́gba fúnra rẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ń ṣeré bá tẹ̀ wọlé, kò ní bá yín tò ó; ẹ̀yin ni kí ẹ pàṣẹ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ kan wé èkejì.

Ní ti *oyè* tí mo dábàá rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹlòmíràn lè ní èyí tí ó dára jù. Àwọn kan ń sọ *ayípadà*. Kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé orúkọ kì í yí padà, iye tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó ń yí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a jiyàn rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ gírámà lónìí kò jábọ́ láti ọ̀run; àwọn ènìyàn ni ó jókòó tì wọ́n, títí tí apá kìíní *Èdè-Ìperí Yorùbá* fi jáde ní 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀. Ta ni yóò jókòó ti ti kọ̀ǹpútà? Bí àwa tí a mọ ohùn kò bá dá sí i, àwọn tí kò bìkítà fún ohùn ni yóò ṣe é, ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sì fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa yóò dà bí *igba* àti *igba*.

Kí n tó kúrò ní Ifẹ̀wàrà, àwọn ọmọ náà ní ayò gan-an ni àwọn fẹ́ ṣe báyìí, ọpọ́n olójú méjìlá. Mo ní ó dára. Ojú méjìlá, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, àpapọ̀ 48. Mo sọ ohun kan péré fún wọn: lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí a bá ta á, kí wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà ka ọmọ tí ó wà lójú ọpọ́n àti èyí tí ó wà nínú igbá ẹni méjèèjì pọ̀. Bí kò bá pé 48, àṣìṣe ti wọlé, kí wọ́n dúró kí wọ́n wá a.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bọ̀dá, igbá méjì ni yóò wà. Orúkọ wo ni a ó fún wọn?"

Mo ní kí ó ronú lé e. Ó ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin: *igbá_ọ̀ta* àti *igbá_ọ̀pẹ̀*. Gbogbo àmì rẹ̀ ni ó pé.